Ẹ̀rọ Ọlọ́wọ́ Mẹ́wàá àti Oko Àna Mi

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àbọ̀ oko, ẹ kú òjò tó ń palẹ̀ mọ́, ẹ kú ìrora ẹ̀yìn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá mi ní Kouloundè, ní Sokodé níbí, mo sì kí yín bí ọmọ ṣe ń kí bàbá tó bí i. Sáfúrá, àbúrò mi, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí, mo kí ìwọ náà. Jọ̀wọ́, má fo ìkíni kankan. Mo mọ̀ ọ́, o máa ń sáré dé ibi ọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kà á tán, torí ìkíni tí ẹnì kan kò ní sùúrù gbọ́ tán ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Bàbá, ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ bá mi kí Lèmọ́mù àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń kírun. Ìyá mi tó ti lọ, kí Ọlọ́run Ọba kẹ́ wọn, kí ó fi àlùjánà ṣe ilé fún wọn.

Lẹ́tà yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta, kí ẹni tó bá mọ̀wé kà á, nílé àti lẹ́yìn odi. Ojú gbogbo ayé ni mo ti dójú tì yín, mi ò wá lè jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá kí n máa tọrọ àforíjì. Ẹ ó gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n tán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé ní Kambolé, lọ́dún tí ẹ ra bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé fún mi. Olùkọ́ wa, ọkùnrin kan tó wá láti apá ìsàlẹ̀, lọ́nà Lomé, tí kò gbọ́ èdè wa rárá, ní kí oníkálukú ya bí ayé yóò ṣe rí nígbà tí a bá dàgbà tó bàbá wa. Ó ní l'avenir, ọjọ́ iwájú, ni kí á yà. Ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀rọ yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́, tí èèyàn á kàn jókòó, á máa pàṣẹ. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń dán. Àwa náà gbà á gbọ́, ọmọdé ni wá, ta ni yóò já olùkọ́ nírọ́?

Látífù ya alùpùpù tó níyẹ̀ẹ́, tí yóò máa fò láti Kambolé dé Tchamba láìfẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀. Gáníyù ya àpótí kan tí èèyàn lè wò kí ó sì rí ojú ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn. Memunatu, ọmọ Alaaji Búráímà, ya ẹ̀rọ omi sínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀, omi náà ń tú jáde títí ó fi kún etí ìwé. Ní tèmi, ẹ̀yin ni mo rò. Mo ya ẹ̀rọ kan tó ní ọwọ́ mẹ́wàá, ọkọ́ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ebè iṣu lọ ràì. Mo ya ẹ̀yin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ jókòó sórí àga lábẹ́ igi, ẹ na ẹsẹ̀. Mo fi rúlà fa ẹ̀yìn yín kí ó lè tọ́ dáadáa.

Memunatu yọjú wo ìwé mi, ó bi mí pé ta ni yóò máa gbé omi fún ẹ̀rọ náà mu. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀rọ kì í mu omi, òmùgọ̀. Ó ní bí kì í bá mu omi, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun? Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tán ló sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní mo fetí sí i lọ́jọ́ náà ni, mi ò bá ti gbọ́n tipẹ́.

Mo mú ìwé náà wá hàn yín. Ẹ ń pọ́n ọkọ́ lọ́wọ́. Ẹ wò ó títí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ibẹ̀ ló wà títí òjò fi jẹ ẹ́ tán.

Ó dáa, ayé tí a yà ti dé. Inú rẹ̀ ni mo wà yìí. Alùpùpù kò níyẹ̀ẹ́ o. Àwọn tó wà ṣì ń rì sẹ́rẹ̀ lójú ọ̀nà Goubi àti Koussountou bí òjò bá rọ̀, Látífù fúnra rẹ̀ ló sì ń fi ọ̀kan kérò ní Kọ̀tọ̀nù. Wọ́n gbé ẹ̀rọ omi wá sí àdúgbò ilé Memunatu, wọ́n ya fọ́tò nídìí rẹ̀, ó sì tú omi fún oṣù mélòó kan. Ní báyìí, ewúrẹ́ ló ń fi ara ha á. Àpótí tí ń fi ojú hàn nìkan ló dé pérépéré. Gáníyù tó yà á wà ní Gabon, inú àpótí náà sì ni ìyá rẹ̀ ti ń rí i láti ọdún yìí wá. Sáfúrá sọ fún mi pé ìyá náà máa ń fi etí ìró nu ojú fóònù, pé bóyá eruku ló jẹ́ kí ojú ọmọ òun ṣá bẹ́ẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ wa ṣẹ. Ẹ bá wa yọ̀.

Èmi, bí ẹ ṣe mọ̀, iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe. Ọ̀gá mi, ọmọ Tem kan, onílẹ̀ ìlú níbí, tí kì í ṣe èèyàn burúkú, fi tábìlì kan fún mi níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti máa ń tẹ̀ ba lé dígí tó fọ́, bí ẹ̀yin ṣe ń tẹ̀ ba lé ebè, àfi pé ohun tí mò ń tẹ̀ ba lé kì í hù. Ọyẹ́ ti ń yọjú. Eruku pupa ń wọlé sínú àwọn fóònù náà, ó ń wọ èmi náà nímú, ikọ́ èṣí sì ti ń múra àtipadà. Àgbàlá tí mò ń gbé, èdè Tem ni gbogbo ayálégbé ibẹ̀ ń sọ. Wọ́n ń kí mi, mò ń dá wọn lóhùn, a kò jà rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá lá àlá burúkú, kò sí ẹni tí mo lè rọ́ ọ fún lédè tí mo fi lá a. Yorùbá tí mò ń gbọ́, inú fóònù ló ti ń wá.

Ẹ gbọ́ ohun kan nípa iṣẹ́ yìí. Bí mo bá tún ibi tí ohùn ti ń jáde nínú fóònù ṣe tán, mo ní láti tẹ ohùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, ká lè mọ̀ bóyá ó ń sọ̀rọ̀. Ohùn àgbàlagbà ló sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á máa kíni: lédè Tem, lédè Haúsá, lédè tiwa. Wọ́n á kíni kíni, wọn ò ní tíì dé ibi ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni fóònù á fi ní ó ti tó, ça marche, ó ń ṣiṣẹ́, òun ti gbọ́, kí n pa á. Èmi náà a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ fún ọ̀gá mi pé bí àwọn bàbá wa bá ń san owó lórí ìkíni, ìlú kò ní ní tálákà mọ́.

Ọ̀rọ̀ Memunatu ni mò ń sọ bọ̀. Gbogbo Kambolé mọ̀ pé òun ni mo fẹ́ fẹ́. Alaaji Búráímà ti gba obì wa láti ọdún tó kọjá, ohun tó kù ò ju oko àna lọ. Ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa lè má mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un. Kí ọkùnrin tó gbé ìyàwó lọ́dọ̀ wa, yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ọkọ́ léjìká, wọn á lọ kọ ebè iṣu fún bàbá ìyàwó. Ọkọ ìyàwó ló ń mú poro iwájú. Ìyá ìyàwó á gún iyán tí yóò tó ọgbọ̀n ènìyàn jẹ. Ìyàwó fúnra rẹ̀ á gbé igbá omi, á dúró sí ìparí poro, ọkọ á gúnlẹ̀, á gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ayé á sì rí i pé òun ló gbà á. Bí oòrùn bá rẹlẹ̀, bàbá ìyàwó á bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rò pé ìkíni lásán ni. Ó ń wò ó bóyá àtẹ́lẹwọ́ wọn lé ròrò ni.

Mo wá ka àwọn ẹgbẹ́ mi. Látífù wà ní Kọ̀tọ̀nù. Gáníyù wà ní Gabon. Àwọn yòókù ti fọ́nká sí Nàìjíríà àti Lomé, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nítòsí sì ṣubú lórí alùpùpù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì san. Mo pè wọ́n. Olúkúlùkù wọn fi ojú rẹ̀ hàn mí nínú fóònù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ẹnì kankan kò ní òun ń bọ̀. Èmi náà kò bínú sí wọn púpọ̀, torí bí wọ́n bá ní kí n wá sí Gabon wá kọ ebè, mi ò ní lọ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ mẹ́wàá ti padà wá sí mi lọ́kàn. Katakata kan wà ní Tchamba tí wọ́n fi ń háyà, ẹ̀rọ tó ń túlẹ̀ oko odindi láàárín ọ̀sán kan. Mo kó owó tí mo ti ń tọ́jú fún ọdún méjì, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín lójú títì. Mo ní wọ́n á gbọ́ pé ọmọ Mumuni ti dèèyàn, pé ẹ̀rọ ló fi ro oko àna rẹ̀. Mo ní wọ́n á gbé àga fún yín lọ́jọ́ náà, ẹ ó jókòó lábẹ́ igi, ẹ ó na ẹsẹ̀. Mo sọ ọ́ sínú fóònù Sáfúrá kí ó lè gbé e sí yín létí.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn yín dé. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ kí mi kú iṣẹ́, ẹ kí mi kú oòrùn, ẹ kí mi kú eruku. Ẹ kí ọ̀gá mi, ẹ kí ìyàwó ọ̀gá mi, ẹ kí àwọn ọmọ wọn, ẹ kí onílé mi. Ẹ béèrè ikọ́ tó mú mi lọ́dún tó kọjá, bóyá mò ń lo oyin tí ẹ fi ránṣẹ́. Oníbàárà mẹ́ta dúró lé mi lórí. Mo ní Bàbá ti gbọ́, inú wọ́n dùn, wọ́n ń kí mi ni. Mo pa ohùn yín lẹ́nu mọ́, mo gbé fóònù oníbàárà. Mo mọ̀ yín o. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ìdí ìkíni ni ọ̀rọ̀ yín máa ń jókòó sí. Síbẹ̀ mo pa á.

Ọjọ́ tí katakata máa lọ kọjá. Mo pe Memunatu, kò gbé e. Mo ní ariwo ayẹyẹ ló pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò gbé e. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Sáfúrá ní gbogbo wọn wà dáadáa, ohùn rẹ̀ sì kúrú. Mo padà sídìí tábìlì mi, mò ń retí kí ẹnì kan kí mi kú oríire.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan láti Goubi gbé fóònù tí dígí rẹ̀ fọ́ wá. Mo pààrọ̀ dígí náà, mo ní kí ó fi nǹkan kan sí i ká wò ó. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n, mon frère, òun ní nǹkan tí yóò pa mí lẹ́rìn-ín. Ó tẹ fídíò kan. Oko kan ni, tí katakata ti tú, tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Arúgbó kan wà láàárín rẹ̀, òun nìkan. Ó tẹ̀ ba, ó ń fi ọkọ́ wọ́ ilẹ̀ jọ, ó kọ ebè kan, ó kọ èkejì. Ó nàró, ó fọwọ́ di ìbàdí, ó tún tẹ̀ ba. Ẹni tó ń ya fídíò náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá wo ọkọ ìyàwó tuntun. Mo dá fìlà orí rẹ̀ mọ̀ kí n tó dá ojú rẹ̀ mọ̀. Èmi ni mo ra fìlà náà fún yín lọ́dún iléyá tó kọjá.

Ọkùnrin náà ń ṣàlàyé fún mi. Ó ní ọmọ bàbá yìí ló fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò wá, bàbá rẹ̀ ló wá ń tún oko náà kọ. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Ó wá bi mí bóyá mo mọ àwọn èèyàn náà, ṣebí ará ọ̀hún ni mí. Bàbá, mo ní rárá. Mo ní mi ò mọ̀ wọ́n. Mo sì bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, gbogbo eyín mi síta. Ó ní kí n tún un wò, mo tún un wò. Mo nu ojú fóònù rẹ̀ fún un, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ nìyẹn. Mo ti sọ ọ́.

Nígbà tí mo pe Sáfúrá lọ́jọ́ náà, mo pariwo mọ́ ọn, ó sunkún, ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ìyá Memunatu gún iyán fún ọgbọ̀n ènìyàn. Wọ́n yá bẹ́ǹṣì nílé mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo ló dé, awakọ̀ katakata. Ó jẹ àwo kan, ó ní ó dùn, ó béèrè ibi tí òun lè ti gba iná sí fóònù òun. Bẹ́ǹṣì wà lófìfo níwájú ìta, àwọn ará àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń kí ìyá náà kú ìnáwó. Nígbà tó yá, ó bo iyán mọ́lẹ̀, ó wọlé, kò sì jáde mọ́ lọ́jọ́ náà.

Katakata kò sì kọ ebè. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló tú, irú èyí tó dára fún àgbàdo. Iṣu kì í ta dáadáa nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo mọ̀ ọ́n, mo kàn gbàgbé ni. Ó hú òkúta wẹ́wẹ́ síta, ó já gbòǹgbò igi òrí tó dàgbà ju Alaaji lọ. Memunatu gbé igbá omi rẹ̀ lọ sí ìparí oko bí àṣà ṣe wí, pẹ̀lú ìró tuntun. Awakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú èéfín, kò rí i, ó ní omi tirẹ̀ nínú ike. Ó yí padà, ó tún kọjá. Sáfúrá ní ó dúró síbẹ̀ títí ẹ̀rọ náà fi lọ tán. Ó wá da omi náà sí ìdí igi òrí yẹn, ó da igbá dé, ó lọ sílé. Ó ní kí wọ́n bi mí bóyá mo rántí ìbéèrè tí òun bi mí nílé ìwé.

Alaaji kò pariwo. Ó kàn ránṣẹ́ sí yín pé òun rí ẹ̀rọ, òun kò rí àna. Ó ní bí ilẹ̀ bá gbẹ kí òun tó rí ebè nínú oko òun, òun á dá obì wa padà. Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ báyìí, ẹ dìde, ẹ gbé ọkọ́. Ẹ sì kìlọ̀ fún Sáfúrá pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí n gbọ́, kí n lè gbájú mọ́ṣẹ́. Alaaji wá rí yín lóko lọ́jọ́ kẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ níwájú àwọn èèyàn pé bó bá jẹ́ ẹni tó kọ ebè ni wọ́n ń fún níyàwó, bàbá ọmọkùnrin náà ni òun ìbá fún ní Memunatu. Ó ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ náà ló ń lọ láti fóònù dé fóònù, títí ó fi dé orí tábìlì mi.

Bàbá, ẹ dárí jì mí, inú ń bí mi sí yín. Ta ló rán yín? Ẹ̀yìn tí ẹ fi ń rọra jókòó láti kírun, òun ni ẹ gbé lọ sí oko olóko? Inú ń bí mi sí Alaaji tó jókòó síbẹ̀ tó ń wò yín. Inú ń bí mi sí ẹni tó ya fídíò yẹn, tí kò ju kámẹ́rà sílẹ̀ kó gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbà. Bí mo bá rí olùkọ́ wa yẹn lónìí, n ó bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún wa pé bí àwọn ẹ̀rọ náà bá dé, àwa ni a máa kúrò nílé. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀, irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Torí ẹ̀yìn yín ni mo ṣe ya ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dé, èmi ni mo sanwó rẹ̀, òun ló sì tẹ ẹ̀yìn yín ba sí oko àna mi. Èmi tí mo ni gbèsè wà ní Sokodé, mò ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó sí ẹ̀yìn mọ́sáláṣí, mo wá ohùn yín jáde. Mo gbọ́ gbogbo ìkíni náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fo ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ẹ kí onílé mi, lẹ́yìn oyin àti ikọ́, ẹ wú ikọ́ tiyín. Ẹ wá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí mo sọ, ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí n má rán an. Ẹ ní oko àna kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ ní ẹ mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi ti tán nílé, pé ojú ló ń tì mí láti dá wá. Ẹ ní kí n dá wá bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ ti pọ́n ọkọ́ méjì sílẹ̀, ẹ sì ti pààrọ̀ ẹ̀rúkọ́ tèmi, torí ti àtijọ́ ti kéré fún mi. Ẹ ní bàbá lè ṣe ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ẹ ní àwa méjì tó.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú àpò mi láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ́. Mò ń gbé e kiri láàárín Sokodé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù ní ṣókí. Ọkùnrin ará Goubi, bí o bá ń ka èyí, mo purọ́ fún ọ. Arúgbó yẹn, bàbá mi ni. Mumuni ni orúkọ wọn. Èmi sì ni ọmọ tó fi ẹ̀rọ ránṣẹ́.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, n ó bá ìrun nílé. Ọ̀gá mi ní iṣẹ́ pọ̀ lásìkò yìí, pé bí mo bá lọ, kí n má ṣe retí tábìlì náà mọ́. Mo ti kó àwọn irin iṣẹ́ mi sínú àpò. Sáfúrá ní ebè tí ẹ ti kọ kò tíì dé ìdajì oko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bí Alaaji bá fún mi ní Memunatu, alihamudulilai. Bí ó bá dá obì wa padà níwájú gbogbo ìlú, n ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́, n ó sì padà sínú oko náà lọ kọ ebè rẹ̀ tán. Ọwọ́ mi ti rọ̀, Bàbá. Kí oòrùn àkọ́kọ́ tó wọ̀, yóò ti bó. Bí ó bá fẹ́, kí Alaaji wá bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ẹ ní àwa méjì tó. Rárá, ẹ̀yin ti ṣe tiyín, ẹ ti ṣe tèmi mọ́ ọn. Ohun kan péré ni mò ń bẹ̀ yín fún. Kí ẹ ní kí Sáfúrá gbé àga lọ sí abẹ́ igi òrí yẹn, bí ewé bá ṣì wà lórí rẹ̀. Kí ẹ jókòó. Kí ẹ na ẹsẹ̀. Ọwọ́ mẹ́wàá ni mo yà fún yín, méjì ni mo ní, mò ń kó wọn bọ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba dá ẹ̀yìn yín sí, kí ó má jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí n tó dé. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹ iṣu tuntun lọ́wọ́ àwa ọmọ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe. Ẹ bá mi bẹ ìyá Memunatu nítorí bẹ́ǹṣì òfìfo. Sáfúrá, sọ fún Memunatu pé mo rántí ìbéèrè rẹ̀, pé òùngbẹ ń gbẹ mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Abúdúláì